Bí A Ṣe Ń Fi Ogbe àti Ìyẹ́ Orí Mọ Ìran Adìẹ

Ẹ da ẹ̀kúnwọ́ àgbàdo sílẹ̀ láàárọ̀ ní agboolé èyíkéyìí ní Àwẹ́, kí ẹ sì wo orí àwọn adìẹ tó bá sáré wá. Ogbe èyí tó pọ̀ jù nínú wọn yóò dúró ṣánṣán, etí rẹ̀ á rí ṣóńṣó-ṣóńṣó. Ti òmíràn yóò lẹ̀ mọ́ agbárí. Ìyẹ́ lè ṣù jọ lórí òmíràn débi pé ojú rẹ̀ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ hàn. Ọ̀pọ̀ ọlọ́sìn adìẹ máa ń sọ pé bí Ọlọ́run ṣe dá kálukú nìyẹn, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n òfin wà nínú bí Ọlọ́run ṣe dá a, òfin náà kò sì le. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n lè wo àkùkọ àti àgbébọ̀, kó sọ irú orí tí àwọn ọmọ yóò ní kí ẹyin tó pa.

Àwẹ́ yẹ fún ẹ̀kọ́ yìí ju ọ̀pọ̀ ìlú lọ. Ibẹ̀ ni Amo Farm Sieberer Hatchery wà, ilé iṣẹ́ tí òròmọdìẹ àdàpọ̀ tí wọ́n ń pè ní Noiler ti ń jáde lọ sí àwọn ìpínlẹ̀ Nàìjíríà. Ìpìlẹ̀ iṣẹ́ tí irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń fi ẹ̀rọ ńlá ṣe kò ju mẹ́rin lọ: ẹ yan òbí, ẹ yà wọ́n sọ́tọ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ ka ọmọ. Àkùkọ kan àti àgbébọ̀ mẹ́ta tó láti ṣe é lẹ́yìnkùlé. Ogbe sì ni ibi tó dára jù láti bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ojú lásán la fi ń rí i, kò gba òṣùwọ̀n, kò sì gba ẹ̀rọ.

Ohun tí ẹ máa nílò

- Àkùkọ kan tó ti gbó, tí ara rẹ̀ le.
- Àgbébọ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó ń yé.
- Ibi tí ẹ fi wáyà tàbí nẹ́ẹ̀tì yí ká, tí àkùkọ mìíràn kò lè wọ̀, tí tiyín náà kò sì lè fò jáde.
- Pẹ́ńsùlù láti fi kọ nǹkan sára ẹyin.
- Òwú aláwọ̀ oríṣiríṣi láti fi sàmì sí ẹsẹ̀ òròmọdìẹ.
- Ìwé àkọsílẹ̀ kan tí ẹ kò ní fi ṣe nǹkan mìíràn.
- Nǹkan bí oṣù mẹ́rin.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: Ẹ dá ogbe mẹ́rin mọ̀

Ẹ mú adìẹ lọ́wọ́ alẹ́ tó bá ti wọlé sùn, nígbà tí kò ní jà. Ẹ fi apá òsì gbá a mọ́ra, kí ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún di orí rẹ̀ mú jẹ́jẹ́, kí ẹ tan iná sí i láti iwájú, lẹ́yìn náà láti ẹ̀gbẹ́. Ẹ wo ogbe láti ibi ihò imú títí dé ẹ̀yìn agbárí.

Ogbe aláyùn ló wọ́pọ̀ jù lára adìẹ ìbílẹ̀ wa. Ẹran kan ṣoṣo ni, tẹ́ẹ́rẹ́, tó dúró ní ìlà kan láàárín orí, tí etí rẹ̀ ní eyín-eyín. Lára àgbébọ̀ tó ń yé dáadáa, ó lè tóbi débi pé yóò ṣubú sí ẹ̀gbẹ́ kan. Adìẹ Leghorn funfun àti ọ̀pọ̀ adìẹ ẹlẹ́yin tí a ń rà lọ́dọ̀ àwọn oníṣòwò òròmọdìẹ ní irú ogbe yìí.

Ogbe pẹlẹbẹ fẹ̀, ó lẹ̀ mọ́ agbárí, orí rẹ̀ rí ṣákiṣàki pẹ̀lú àwọn kókó wẹ́wẹ́. Ẹ̀yìn rẹ̀ máa ń ní ṣóńṣó kan tó nà sẹ́yìn. Adìẹ Wyandotte ti Amẹ́ríkà àti Hamburg ti Yúróòpù la fi ń mọ̀ ọ́n jù. Ìwé àwọn òyìnbó ń pè é ní rose comb.

Ogbe onílà mẹ́ta kéré, kò sì ga. Bí ẹ bá wò ó láti òkè, ẹ óò rí ìlà mẹ́ta tó tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ti àárín ga ju méjì yòókù lọ díẹ̀. Adìẹ Brahma àti Cornish ló ní in. Nínú ìwé òyìnbó, pea comb ni.

Ogbe oníkókó ni ẹ̀kẹrin. Kò ní eyín, kò ní ìlà mẹ́ta, kò ní ṣóńṣó lẹ́yìn. Ẹran rọ̀bọ̀tọ̀ kan ni, tó hun jọ sí iwájú orí lókè ihò imú. Walnut comb ni orúkọ rẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Òun ló máa kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ tó jinlẹ̀ jù nínú gbogbo rẹ̀.

Ẹ má fi bí ogbe ṣe tóbi tó ṣe ìdánimọ̀. Ogbe àgbébọ̀ máa ń kéré sí ti àkùkọ, ti adìẹ tí kò tíì yé rí sì kéré sí i. Bí ó ṣe rí ni kí ẹ wò.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ mọ ohun tó ń bẹ lẹ́yìn ogbe

Ohun tó ń darí ogbe ni àwọn onímọ̀ ń pè ní jíìnì. Òròmọdìẹ kọ̀ọ̀kan gba ìpín méjì nínú jíìnì kọ̀ọ̀kan: ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ bàbá, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá. Àwọn ìpín kan máa ń borí, àwọn kan máa ń fara pamọ́. Èyí tó fara pamọ́ kò kú. Ó wà nínú ẹ̀jẹ̀, ó sì lè jáde lára ọmọ tàbí ọmọ-ọmọ.

Jíìnì méjì ló ń darí ogbe mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ jẹ́ ká fi lẹ́tà R dúró fún èyí tó ń mú ogbe tẹ́ pẹlẹbẹ, ká sì fi r kékeré dúró fún ìpín tí kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi P dúró fún èyí tó ń pín ogbe sí ìlà mẹ́ta, ká fi p kékeré dúró fún ìpín tí kò lè pín in. R borí r. P borí p. Nítorí náà:

- Aláyùn: rr àti pp. Kò ní R kankan, kò sì ní P kankan.
- Pẹlẹbẹ: RR tàbí Rr, pẹ̀lú pp.
- Onílà mẹ́ta: PP tàbí Pp, pẹ̀lú rr.
- Oníkókó: ó ní R, ó tún ní P. R àti P bá ara wọn pàdé nínú adìẹ kan, wọ́n sì bí ohun tí kò jọ èyíkéyìí nínú àwọn méjèèjì.

Ẹ wo aláyùn dáadáa. Òun nìkan ni ogbe tí kò lè fi nǹkan pamọ́ fún yín. Ohun tí ẹ rí lórí rẹ̀ ni gbogbo ohun tó ní. Adìẹ pẹlẹbẹ ò rí bẹ́ẹ̀: RR àti Rr jọra lójú, ṣùgbọ́n ọmọ tí wọ́n ń bí yàtọ̀ síra.

Àwọn onímọ̀ ti rí ibi tí àwọn jíìnì yìí wà. Ní 2009, àwọn olùwádìí tó ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú Yunifásítì Uppsala ní Sweden fi hàn pé ogbe onílà mẹ́ta wá láti inú apá kan DNA tó tún ara rẹ̀ kọ léraléra nínú jíìnì tí wọ́n ń pè ní SOX5. Ní 2012, wọ́n fi hàn pé ogbe pẹlẹbẹ wá nítorí pé apá gígùn kan nínú krómósómù keje adìẹ yí orí padà, tí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ di òpin. Ìyípadà yẹn tún ba jíìnì kan jẹ́ tó wúlò fún àtọ̀ àkùkọ. A óò padà sí i, nítorí ó kan ẹni tó fẹ́ kí ẹyin rẹ̀ pa.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ ya àwọn òbí sọ́tọ̀

Ibí ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ti ń bàjẹ́. Ní Àwẹ́, ní Ìlọrà, ní Fìdítì, adìẹ ilé kì í mọ ààlà. Àgbébọ̀ tí ẹ rí pẹ̀lú àkùkọ yín láàárọ̀ lè ti wà ní ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí pẹ̀lú àkùkọ ẹlòmíràn kí oòrùn tó là dáadáa. Bí ẹ kò bá yà wọ́n sọ́tọ̀, ẹ kò lè mọ ọmọ ta ni.

Ẹ kó àwọn àgbébọ̀ sínú ibi tí ẹ yí wáyà ká, láìsí àkùkọ kankan. Ara adìẹ máa ń tọ́jú àtọ̀ àkùkọ fún ọ̀sẹ̀ méjì, nígbà mìíràn fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹ jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá kí ẹ tó fi àkùkọ tí ẹ yàn sí àárín wọn. Àwọn ẹyin tí wọ́n bá yé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yìí, ẹ jẹ wọ́n tàbí kí ẹ tà wọ́n. Lẹ́yìn tí àkùkọ bá ti wọlé, ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ kan kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí kó ẹyin tí ẹ óò fi sàba.

Bí ẹ bá ra àkùkọ láti ọjà, yálà ní Akẹ̀sán ní Ọ̀yọ́ tàbí níbòmíràn, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta náà ni kí ẹ fi yà á sọ́tọ̀, jìnnà sí àwọn tó wà nílé. Bí àrùn bá wà lára rẹ̀, ọ̀pọ̀ ìgbà ni yóò ti hàn kí ó tó kó o ran àwọn yòókù.

Fún ìdánwò àkọ́kọ́, mo gbà yín níyànjú pé kí ẹ mú àkùkọ ológbe pẹlẹbẹ kan àti àgbébọ̀ aláyùn mẹ́ta. Aláyùn kò fi nǹkan pamọ́, torí náà ohunkóhun tó bá yàtọ̀ lára ọmọ, ọ̀dọ̀ bàbá ló ti wá.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ kó ẹyin, kí ẹ sì sàmì sí i

Ẹ máa kó ẹyin lójoojúmọ́. Ẹ fi pẹ́ńsùlù kọ ọjọ́ àti àmì àgbébọ̀ sára rẹ̀. Ẹ má lo bírò tàbí máákà, nítorí èèpo ẹyin ní ihò kéékèèké tí òròmọdìẹ ń gbà mí. Ẹ gbé e síbi tó tutù, tí oòrùn kò dé, kí ẹ kọjú ibi tó ṣóńṣó sí ìsàlẹ̀. Ẹyin tó bá ti lé ní ọjọ́ méje, agbára àtipa rẹ̀ ti ń dínkù, ẹ má tọ́jú u jù bẹ́ẹ̀.

Àgbébọ̀ ìbílẹ̀ kan lè bo ẹyin mẹ́wàá sí méjìlá dáadáa. Ẹ kó gbogbo ẹyin sábẹ́ rẹ̀ ní ọjọ́ kan náà, ní alẹ́, kí wọ́n lè pa pọ̀. Bí ẹ bá rí ẹyin tí kò ní àmì lábẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, adìẹ mìíràn ló wá yé e síbẹ̀, ẹ mú un kúrò. Ọjọ́ kọkànlélógún ni wọ́n máa pa.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ wo orí òròmọdìẹ ní ọjọ́ tí wọ́n bá pa

Ogbe kì í dúró de ìgbà tí adìẹ bá dàgbà kó tó fi ara rẹ̀ hàn. Ẹ gbé òròmọdìẹ tó ti gbẹ sí àtẹ́lẹwọ́, kí ẹ fi ìka ti ìyẹ́ rírọ̀ iwájú orí rẹ̀ sẹ́yìn, kí ẹ sì wo ibi tó wà lókè ihò imú níbi ìmọ́lẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ aláyùn, ẹ óò rí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ṣoṣo, tí eyín rẹ̀ ti ń yọ wẹ́wẹ́. Bí ó bá jẹ́ pẹlẹbẹ, ibẹ̀ yóò fẹ̀, yóò rí ṣákiṣàki, ẹ̀yìn rẹ̀ á sì ṣe ṣóńṣó. Bí ó bá jẹ́ onílà mẹ́ta, ìlà mẹ́ta tó tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lẹ máa rí, ó gba kí ẹ sún mọ́ ọn. Oníkókó máa ń ṣòroó dá mọ̀ ní ọjọ́ yìí. Ẹ kọ «fífẹ̀» sí i, kí ẹ tún wò ó ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ.

Ẹ so òwú mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀: àwọ̀ kan fún pẹlẹbẹ, àwọ̀ kan fún aláyùn. Ẹ má so ó le. Ẹsẹ̀ òròmọdìẹ máa ń nípọn kíákíá, okùn tó fún lè gé e. Ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ máa tú u, kí ẹ tún un so.

Kí ẹ tó sùn lọ́jọ́ yẹn, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé: ọjọ́, bàbá, ìyá, iye tó pa, iye tó jẹ́ pẹlẹbẹ, iye tó jẹ́ aláyùn. Èyí tó kú náà, ẹ wo orí rẹ̀ kí ẹ tó sin ín, kí ẹ sì kà á mọ́ wọn. Òkú rẹ̀ ṣì ń sọ ìtàn bàbá rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ẹ fi iye wé òfin

Àwọn àbájáde tí ẹ lè retí nìyí:

- Aláyùn àti aláyùn: gbogbo ọmọ jẹ́ aláyùn.
- Pẹlẹbẹ RR àti aláyùn: gbogbo ọmọ jẹ́ pẹlẹbẹ, ṣùgbọ́n olúkúlùkù gbé r kan pamọ́.
- Pẹlẹbẹ Rr àti aláyùn: ìdajì pẹlẹbẹ, ìdajì aláyùn.
- Pẹlẹbẹ Rr àti pẹlẹbẹ Rr: nínú mẹ́rin, mẹ́ta pẹlẹbẹ, ọ̀kan aláyùn.
- Pẹlẹbẹ RR àti onílà mẹ́ta PP: gbogbo ọmọ jẹ́ oníkókó.
- Àwọn oníkókó wọ̀nyí láàárín ara wọn: nínú 16, oníkókó 9, pẹlẹbẹ 3, onílà mẹ́ta 3, aláyùn 1.
- Irú oníkókó yìí àti aláyùn: oríṣi ogbe mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ìdá kan nínú mẹ́rin fún oríṣi kọ̀ọ̀kan.

Àwọn iye yìí ní ìtàn. Gregor Mendel kọ òfin rẹ̀ nípa ìran jáde ní 1866 láti inú ìwádìí tó ṣe lórí pea, irúgbìn kan tó jẹ́ ìbátan ẹ̀wà, ayé sì fi í sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní 1902, William Bateson, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lo adìẹ láti fi hàn pé òfin náà ń ṣiṣẹ́ lára ẹranko. Ogbe wà lára ohun tó lò. Láàárín ọdún díẹ̀, òun àti alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀, Reginald Punnett, da ológbe pẹlẹbẹ pọ̀ mọ́ onílà mẹ́ta, gbogbo ọmọ sì jẹ́ oníkókó. Wọ́n da àwọn ọmọ náà pọ̀ mọ́ra wọn, ogbe aláyùn sì yọ nínú àwọn ọmọ-ọmọ, bẹ́ẹ̀ kò sí aláyùn kankan nínú bàbá, ìyá, tàbí òbí wọn àgbà. Ìgbà yẹn ni ayé rí i gbangba pé jíìnì méjì lè pa agbára pọ̀ láti ṣe ohun kan ṣoṣo lára ẹ̀dá. Ẹ̀kọ́ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ìran ń kà káàkiri ayé títí di òní, lórí adìẹ ló ti jáde.

Ẹ má retí pé iye yín yóò bá òfin mu gẹ́lẹ́ nínú ìpamọ kan. Bí ẹ bá ju owó kọ́ọ̀bọ̀ sókè lẹ́ẹ̀mẹjọ, orí lè hàn lẹ́ẹ̀marùn-ún. Ẹ ro ìpamọ mẹ́ta tàbí mẹ́rin láti ọ̀dọ̀ àwọn òbí kan náà pọ̀, iye náà yóò sún mọ́ òfin.

Òfin yìí lè parí ìjà láàárín aládùúgbò. Bí àkùkọ àti àgbébọ̀ ológbe pẹlẹbẹ bá bí ọmọ aláyùn, kì í ṣe ẹ̀rí pé àkùkọ ìta ló wọlé. Ó lè jẹ́ pé àwọn méjèèjì gbé r pamọ́. Ṣùgbọ́n bí àkùkọ aláyùn àti àgbébọ̀ aláyùn bá «bí» òròmọdìẹ pẹlẹbẹ, bàbá rẹ̀ wà níbòmíràn, tàbí kí ẹyin náà jẹ́ ti adìẹ mìíràn. Kò sí R lọ́dọ̀ wọn tí wọ́n lè fi fún un.

Ìgbésẹ̀ keje: Ẹ dán àkùkọ wò kí ẹ tó gbẹ́kẹ̀ lé e

Ẹ rí àkùkọ pẹlẹbẹ tó wù yín, ẹ fẹ́ mọ̀ bóyá RR ni tàbí Rr. Ẹ fi í sí àárín àgbébọ̀ aláyùn, kí ẹ ka ọmọ. Ọmọ aláyùn kan ṣoṣo ti tó: Rr ni. Bí gbogbo wọn bá jẹ́ pẹlẹbẹ, ó di ọ̀rọ̀ iye. Bí ọmọ márùn-ún bá jẹ́ pẹlẹbẹ láìsí aláyùn kankan, Rr ṣì lè ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan nínú ìgbà 32. Bí wọ́n bá jẹ́ méje, ó di ẹ̀ẹ̀kan nínú 128. Lẹ́yìn méje, ẹ lè fi ọkàn balẹ̀ pé RR ni.

Ẹ wá rántí ọ̀rọ̀ àtọ̀ tí a sọ. Àkùkọ RR ni ìṣòro náà máa ń bá: àtọ̀ rẹ̀ kì í lè rìn dáadáa, nítorí náà ẹyin tí kò ní ọmọ nínú máa ń pọ̀ lọ́dọ̀ àwọn àgbébọ̀ rẹ̀. Àkùkọ Rr kò ní ìṣòro yìí. Àwọn tó ń sin Wyandotte mọ̀ ọ́n tipẹ́: bí wọ́n ti ń lé ọmọ aláyùn kúrò tó, bẹ́ẹ̀ ló ṣì ń yọ nínú ìran náà, nítorí àwọn àkùkọ Rr ló ń bímọ jù. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ fi Rr ṣe àkùkọ agbo, kí ẹ sì gba aláyùn díẹ̀ tó bá yọ. Aláyùn tó pa sàn ju ẹyin pẹlẹbẹ tó bàjẹ́ lọ.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Ẹ tẹ̀ síwájú sórí ìyẹ́ orí

Ìyẹ́ tó ṣù jọ lórí adìẹ, tí a lè pè ní ṣùkú, ní jíìnì tirẹ̀. Kò sí lára R, kò sí lára P, nítorí náà ológbe yòówù lè ní in, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ṣùkú ńlá máa ń mú kí ogbe kéré. Ẹ jẹ́ ká fi Cr dúró fún un.

Cr borí, ṣùgbọ́n kò borí tán. Adìẹ tó ní Cr kan máa ń ní ṣùkú kékeré, ìyẹ́ díẹ̀ tó yọ sókè lẹ́yìn ogbe. Èyí tó ní méjì máa ń ní ṣùkú ńlá. Nítorí èyí, ojú lè fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ gbogbo rẹ̀ fún yín:

- Oníṣùkú ńlá àti adìẹ tí kò ní ṣùkú: gbogbo ọmọ ní ṣùkú kékeré.
- Oníṣùkú kékeré méjì: nínú mẹ́rin, ọ̀kan ní ṣùkú ńlá, méjì ní kékeré, ọ̀kan kò ní rárá.
- Oníṣùkú kékeré àti adìẹ tí kò ní: ìdajì ní kékeré, ìdajì kò ní.

Ní ọjọ́ tí wọ́n bá pa, òròmọdìẹ tó ní ṣùkú máa ń ní ìyẹ́ rírọ̀ tó wú sókè ní àtàrí. Bí wọ́n bá dàgbà, ṣùkú àgbébọ̀ máa ń rí roboto, ti àkùkọ á sì gùn, á ṣe ṣóńṣó, á sì ṣubú sẹ́yìn.

Ọrùn náà lè kọ́ni ní ẹ̀kọ́ kan náà. Adìẹ abólọ́rùn tó ní ìpín kan ṣoṣo máa ń ní ìdì ìyẹ́ kékeré níwájú ọrùn. Èyí tó ní méjì, ọrùn rẹ̀ máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo pátápátá. Bí ẹ bá ti mọ ṣùkú kà, ẹ ti mọ abólọ́rùn kà nìyẹn. Ara abólọ́rùn sì máa ń tètè tú ooru jáde, èyí tó ṣe é láǹfààní nínú ooru ilẹ̀ wa.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: Ẹ ṣọ́ra fún ohun tí ẹwà ń bò mọ́lẹ̀

Adìẹ tí ṣùkú bo ojú rẹ̀ kì í rí àṣá lókè. Ẹ fi sísọ́ọ̀sì gé ìyẹ́ tó bo ojú, kí ẹ má gé e dé ẹran. Ẹ máa tú ṣùkú náà wò fún yọ̀rọ̀, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n fẹ́ràn láti sá sí. Lọ́jọ́ òjò, ṣùkú tó rẹ máa ń mú òtútù, ẹ tètè kó wọn wọlé. Ní ti àwọn ẹ̀yà oníṣùkú ńlá láti Yúróòpù bíi Polish, egungun àtàrí wọn máa ń wú sókè, ó sì lè ní àlàfo. Kí adìẹ mìíràn sọ irú orí bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lè pa á. Ẹ má kó irú wọn pọ̀ mọ́ àwọn adìẹ tó ń jà.

Àìsàn náà máa ń yí ìrísí ogbe padà, kò sì kan ìran. Ogbe tó funfun lè túmọ̀ sí pé kòkòrò ń mu ẹ̀jẹ̀ adìẹ náà. Èépá dúdú lórí ogbe lè jẹ́ àrùn ṣọ̀npọ̀nná adìẹ tí ẹ̀fọn ń gbé kiri, abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ sì wà. Ogbe tó ń dúdú bí aró lára adìẹ tó ń ṣàìsàn jẹ́ ewu ńlá. Ẹ ya adìẹ náà sọ́tọ̀, kí ẹ pe dókítà ẹran lọ́jọ́ náà.

Ẹ má sì fi àkùkọ kan gun ọmọ àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ títí. Ìran tó bá ń bá ara rẹ̀ lò pọ̀ jù máa ń rẹ̀yìn: ẹyin rẹ̀ kì í pa dáadáa, ọmọ rẹ̀ kì í lágbára. Ẹ máa pààrọ̀ àkùkọ pẹ̀lú ọlọ́sìn kan ní Ìlọrà tàbí Fìdítì, kí kálukú fún èkejì ní ìwé ìran tirẹ̀.

Ọ̀rọ̀ nípa Noiler àti àwọn adìẹ àdàpọ̀

Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń ra òròmọdìẹ Noiler, wọ́n á sìn ín dàgbà, wọ́n á sì fi ẹyin rẹ̀ sàba, ẹnu á sì yà wọ́n pé àwọn ọmọ kò rí bí ìyá. Òfin tí a fi ka ogbe ló ṣe é. Adìẹ àdàpọ̀ gbé ìpín oríṣiríṣi pamọ́, bí oníkókó ti Bateson àti Punnett ṣe gbé aláyùn pamọ́. Nínú àwọn ọmọ, ìpín náà á tú ká, ọ̀kan á yára dàgbà, ọ̀kan á fà sẹ́yìn. Ẹni tó bá fẹ́ adìẹ tó dọ́gba bí tàkọ́kọ́ ní láti tún ra òròmọdìẹ lọ́dọ̀ ẹni tó ń tọ́jú àwọn òbí wọn.

Kí àwọn adìẹ ìbílẹ̀ wa tó di ìran tó dúró sójú kan, ó gba ọ̀pọ̀ ọdún ìyàn àti àkọsílẹ̀. Ohun tí Yunifásítì FUNAAB ní Abẹ́òkúta ṣe nìyẹn, lábẹ́ ìdarí Ọ̀jọ̀gbọ́n Fúnmiláyọ̀ Adébámbọ̀, kí ìran adìẹ FUNAAB Alpha tó jáde láti inú adìẹ ìbílẹ̀. Ogbe kò sọ iye ẹyin, kò sì sọ bí ẹran ṣe máa wúwo tó. Àwọn nǹkan wọ̀nyẹn ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ jíìnì lẹ́yìn, oúnjẹ àti ìtọ́jú sì ń bá wọn lọ́wọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti kọ́ bí a ṣe ń ya òbí sọ́tọ̀, bí a ṣe ń sàmì sí ẹyin, àti bí a ṣe ń ka ọmọ láìfojú fo èyí tó kú, ti ní irinṣẹ́ tí yóò fi yan adìẹ fún ẹyin àti fún ẹran.

Ẹyin ní í di àkùkọ. Nítorí náà, ẹyin tó kàn tí ẹ bá gbé, ẹ kọ orúkọ ìyá rẹ̀ sí i lára. Ẹ sọ fún àwọn ọmọ ilé pé kí wọ́n bá yín kọ ọ́, nítorí ọmọ tó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ ka òròmọdìẹ kò ní nílò kó há òfin Mendel sórí. Bí ẹ bá sì fẹ́ tà tàbí fi adìẹ tọrẹ, ẹ fi àkọsílẹ̀ rẹ̀ lé ẹni tó gbà á lọ́wọ́.